Ìgò Tí Ọwọ́ Mi Mú

Ìgò pọ̀ lórí pẹpẹ bí èrò ọjọ́ owó oṣù,
gbogbo wọn kọjú sí mi, wọ́n ń wò mí
bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ rà.
Ṣọ́ọ̀bù Ruperto, nísàlẹ̀ òkè,
níbi tí ọkọ̀ onírin tó ń gùnkè ti ń já èrò sílẹ̀,
Valparaíso, ọjọ́ Sátidé, òjò ń rọ̀ wínniwínni.
Mo ní wákàtí kan.
Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pésò.
Mi ò ní ìmọ̀ kankan.

Eulalia ló máa ń yan ọtí nígbà ayé rẹ̀.
Á gbé ìgò síná, á di ojú kan,
á ní, “Èyí, Eliseo. Má bi mí ní ìdí.”
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò bi í rí.

Èyí tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ sí lára ń pariwo.
Èyí ya ẹṣin; mi ò fẹ́ràn ẹṣin.
Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ka ẹ̀yìn ìgò
bí ẹni ń ka ìwé ìpẹ̀jọ́, ètè rẹ̀ ń mì:
igi óákù, awọ, èéfín tábà.
Ṣé ọtí nìyẹn ni àbí ilé tó jóná?

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní èbúté.
Kọ̀ǹténà á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀, ìka mi á ti mọ̀
bóyá ẹrù inú rẹ̀ dúró ire tàbí ó fì sápá kan,
kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ké “Ó ń yẹ̀ o!”
Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.
Mo bá dijú láàárín ṣọ́ọ̀bù, àgbà bíi tèmi,
bí ọmọ tó ń ṣeré bojúbojú,
mo na ọwọ́.

Ó tutù. Ó wúwo díẹ̀ ju bó ṣe yẹ.
Mo lajú: ìwé ara rẹ̀ wọ́,
ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ti ń ronú àtilọ sílé.
Ẹyẹ kékeré kan, kò ní ìrù.
Inú mi ní: òun nìyí.

Maite, ọmọ Ruperto, wo ìgò, ó wò mí.
“Bàbá, èyí? Láti Kérésìmesì ló ti wà níbẹ̀.”
“Èmi náà,” ni mo wí.

Mi ò tíì sọ ibi tí mò ń lọ.
Hortensia, àbúrò Eulalia, ló ránṣẹ́ pè mí.
Ọdún mọ́kànlá la ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ síbi ìsìnkú kan náà,
nítorí ilé kan tí igi rẹ̀ ti jẹrà, tẹ́nikẹ́ni ò gbé.
Irú ọtí wo là ń gbé lọ sírú ibẹ̀?
Wọn ò kọ ìyẹn sẹ́yìn ìgò.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó ṣí ìgò.
Ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀.
“Eliseo. Ó kan.”
Èmi náà tọ́ ọ wò. Ó kan débi pé eyín mi jí.
A wo ara wa.
Ó dìde láìsọ̀rọ̀, ó kó sítírọ́bẹ́rì jáde nínú fíríìjì,
dídì bí òkúta, ó fi ọ̀bẹ bá a jà,
ó da ṣúgà lé e, ó da ọtí mi lé gbogbo rẹ̀ lórí,
bí ìyá wọn ti máa ń ṣe é lásìkò oòrùn.

“Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan ọtí?”
“Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní kò nídìí, ọkàn ni.”
Hortensia rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.
“Ọkàn wo? Èyí tí owó rẹ̀ tẹ̀ lé pọ́ọ́kú jù
ló máa ń mú. O ò mọ̀?”

Mo rántí ojú kan tó máa ń dì.
Iye owó ló ń kà.
Òjò ò dá. Ó bu sí i fún mi,
sítírọ́bẹ́rì ń ro ko, ko, nínú gíláàsì,
kò tíì yọ́.